Ìlà Omi Lára Ògiri Tányì

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe nílé ìwé, wíwọn òjò ni mo fẹ́ràn jù. Mo mọ̀ pé ọmọ kíkọ́ ló yẹ kí n dárúkọ, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó lè yọ mí níṣẹ́ mọ́. Ìjọba ri agolo irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì wa ní Àgbádárìgì, ìgò wà nínú rẹ̀, omi òjò a máa kán sínú ìgò náà. Láràárọ̀, kí agogo tó lù, màá yọ ìgò, màá wo ibi tí omi dé, màá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Bí oṣù bá parí, màá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Èkó, màá sì kọ lẹ́tà tì í. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ lẹ́tà. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Òyìnbó tó ń gba fọ́ọ̀mù náà máa ń dá mi lóhùn, màá wá gbé èsì rẹ̀ sórí tábìlì mi níbi tí àwọn tíṣà yòókù yóò ti rí i, màá ṣe bí ẹni pé mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ìgbà náà, ogun àgbáyé kejì ti parí láti ọdún mélòó kan. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wa, Faransé ló ń ṣàkóso Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ti fa ààlà sáàárín ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀sà kan náà ló gba ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kọjá. Àwọn ìyá wa ń tukọ̀ lọ ta àgbọn ní Àjàṣẹ́, wọ́n ń tukọ̀ bọ̀, wọn kì í mọ ìgbà tí wọ́n kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ èkejì. Omi tó ń bò wá lóṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá náà, ọ̀dọ̀ Faransé ló ti ń wá. Odò ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń kún tú sínú ọ̀sà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi náà á dé ẹnu ọ̀nà wa.

Faransé ti ń kọ ìwọ̀n omi náà sínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ogun, a gbọ́ pé àwọn ìjọba àgbáyé ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn yóò jọ máa ṣọ́ ohun àtijọ́, àwọn yóò sì jọ máa pín ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ láàárín ara wọn. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ńlá yẹn gbà kàn mí ni pé òyìnbó Èkó kọ̀wé bi mí bóyá mo mọ ilé tàbí òkúta kankan lápá ọ̀dọ̀ wa tó ní àmì ibi tí omi dé láyé àtijọ́, kí òun àti Faransé kan tó wà ní Àjàṣẹ́ lè fi í wé ohun tó wà nínú ìwé tọ̀hún.

Mo mọ̀ ọ́n. Ògiri Tányì ni.

Tányì ni àwa Ègùn ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lóbìnrin. Tèmi ń gbé abúlé kan lórí ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní òdìkejì ìlú; èèyàn á wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó tó débẹ̀. Òróró àgbọn ló ń ṣe tà. Ilé amọ̀ tó ń gbé, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, inú yàrá ilé náà ni wọ́n sì sin ìyá yẹn sí, kí wolé-wolé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn èèyàn kiri pé kí wọ́n má sin òkú sílé mọ́. Tányì kò bá wolé-wolé jà lórí ìyẹn. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ibi tí ẹ bá sin mí sí, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ibi tí màá kú sí ni tèmi. Inú yàrá yìí ni."

Lára ògiri yàrá náà, èyí tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ìlà wà níbẹ̀ tó lé ní ọgọ́ta, wọ́n fi ọ̀bẹ fà á ní ìbú. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí omi ọ̀sà dé lọ́dún kan, àmì kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ irú ọdún tó jẹ́: ẹja, agogo, fìlà, ọkọ́. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n ń wò ó kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe gbé pẹpẹ ìkòkò òróró ga tó.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìjọba ti wọn etí omi náà, wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté àti ilé ẹrù síbẹ̀. Wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀ gba iwájú ilé Tányì kọjá. Ilé náà wà lára èyí tí wọ́n máa wó. Tányì so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn èèkàn náà, ó ní ó kúkú le dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò rí oorun sùn mọ́, nítorí pé nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i, ó máa ń bi mí bóyá mo ti gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Nítorí náà, mo kọ lẹ́tà tó gùn jù nínú ìgbésí ayé mi sí òyìnbó Èkó. Mo ṣàlàyé ògiri náà. Mo kọ ọ́ pé láti ìgbà ayé ìyá bàbá mi ni àwọn ìlà náà ti wà níbẹ̀, pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tún kàn wọ́n. Mo kọ ìyẹn nítorí pé mo gbà á gbọ́. Ọmọ ọdún méje ni mo wà tí wọ́n ti mú mi lọ sílé ìwé ìjọ, Kérésìmesì nìkan ni mo máa ń wálé, mo sì máa ń bá ìlà lára ògiri nígbàkígbà tí mo bá dé. Kò ṣe mí bíi kí n béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èsì dé. Òyìnbó náà ní òun àti Faransé yóò wá lóṣù Kejìlá, nígbà tí omi bá ti fà. Bí wọ́n bá bá ìlà náà bí mo ṣe sọ ọ́, wọn yóò fi ilé náà sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ohun àtijọ́, wọ́n á sì sún èbúté sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí kò sí ilé. Mo ka lẹ́tà náà fún Tányì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn bí mo ṣe ń kà á. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn á sún èbúté kà. Mo tún un kà. Ó ní ó dáa, ó sì wọlé lọ. Nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀, mo ránṣẹ́ sí i pé Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àlejò náà ń bọ̀. Mi ò sọ nǹkan mìíràn.

Òyìnbó méjèèjì wá gbé mi létí omi ní Àgbádárìgì nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ti Èkó ga, ó pọ́n létí, gbogbo Yorùbá tó mọ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì ń sọ ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Faransé kúrú, ó mú agbòjò lọ́wọ́, ó ti pẹ́ ní Àjàṣẹ́ débi pé ó ń sọ Ègùn bí àwọn ará ọjà ibẹ̀. Ìgbà tí a dé àárín ọ̀sà ni mo tó mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Faransé gbọ́ kò tó nǹkan, èdè Faransé tí ti Èkó gbọ́ kò tiẹ̀ tó ìyẹn. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé Faransé á bá mi sọ Ègùn, èmi á sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún èkejì, màá tún gbé èsì padà. Bí ìjọba ńlá méjì ṣe pàdé nìyẹn, nínú èdè tí ọ̀gá ilé ìwé wa máa ń na ọmọ lẹ́gba bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

A rí ilé náà kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ó pupa, ó ń dán. Àwọn obìnrin ilé ti fi ọkọ̀ kó amọ̀ wá láti òdìkejì, lọ́nà Aradagun, nítorí pé yanrìn lásán ló wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n po amọ̀ náà mọ́ èèpo àgbọn tí wọ́n gún àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òróró, wọ́n fi rẹ́ gbogbo ògiri, wọ́n sì fi pa ilẹ̀. Tányì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ró aṣọ funfun. "Mì kúàbọ̀, Yòvó," ló fi kí òyìnbó káàbọ̀, Faransé sì dá a lóhùn bí ọmọ ilé.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ yàrá. Ògiri náà mọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ojú tì mí kí ẹ̀rù tó bà mí, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Lẹ́tà tí mo kọ ni mo kọ́kọ́ rántí, lẹ́yìn náà ni mo tó rántí Tányì.

Mo bi í pé, "Tányì, ìlà dà?"

"Ìlà wo?"

"Ìlà omi. Ìlà omi tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá!"

Ó fọwọ́ kan ògiri, ó wo ìka rẹ̀. "Ó ṣì tutù. Ó di ọ̀tunla kí n tó lè fà á. Ẹ̀yin lẹ tètè dé."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún, bí omi bá ti fà, wọ́n á rẹ́ ògiri náà, ìlà á parẹ́, bó bá wá gbẹ díẹ̀, obìnrin tó ni ilé á tún gbogbo ìlà fà láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì fi ti ọdún tuntun kún un. Ìyá bàbá mi ṣe é, Tányì ń ṣe é. Gbogbo ẹni tó wà lábúlé ló mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo kọ ojú ewé mẹ́rin lórí rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Òyìnbó Èkó béèrè ohun tí ìyá náà sọ. Mo lè parọ́, ó wá sọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n Faransé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí náà mo sọ òótọ́. Ti Èkó tẹ́tí sí mi dópin, lẹ́yìn náà ó pa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Kò bínú. Bí mo ṣe máa ń bá ọmọ tó ṣe ìṣirò kùnà sọ̀rọ̀ ló ṣe bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ń tún un fà lọ́dọọdún, a jẹ́ pé àdàkọ ni, àdàkọ àdàkọ, kò sí ohun àtijọ́ kankan lára ògiri náà. Ó ní ó mà ṣe o.

Tányì bi mí ìdí tó fi pa àpótí dé. Mo sọ fún un. Ó pòṣé. Faransé ló kọjú sí, ó sì sọ ọ́ ní Ègùn wéré wéré débi pé mo ní láti sáré tẹ̀ lé e. Ó ní ilé amọ̀ nilé yìí, ọdọọdún lomi ń wọ inú rẹ̀. Bí wọn ò bá rẹ́ ẹ lọ́dún kan, ẹsẹ̀ ògiri á jẹ. Bí wọn ò bá rẹ́ ẹ lọ́dún méjì, á ṣubú. "Rírẹ́ tí à ń rẹ́ ẹ lẹ fi bá a níbí. Ṣé ẹ fẹ́ ìlà tí ọwọ́ kò kàn? Ẹ lọ wá a nísàlẹ̀ ọ̀sà."

Faransé rẹ́rìn-ín. Ó wá àpótí kan, ó jókòó lé e, ó gbé agbòjò rẹ̀ ti ògiri, ó yára gbé e kúrò nígbà tó rí i pé Tányì ń wò ó. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ fà á lójú wa." Tányì ní amọ̀ ṣì tutù, kò ní gún régé. Faransé ní kó má gún.

Tányì na ọwọ́ sí àjà, ó fa okùn kan yọ. Okùn náà gùn, kókó ló pọ̀ lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Nígbà yìí, òyìnbó Èkó ti tún àpótí rẹ̀ ṣí, bóyá kí ó má baà dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìdí téèpù ìwọn rẹ̀ lélẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri.

"Kí ló ń wá nílẹ̀?" Tányì bi mí.

Mo ní ó fẹ́ wọn ìlà láti ilẹ̀ lọ sókè ni.

"Láti ilẹ̀? Ilẹ̀ tí a pa lánàá?" Ó fọwọ́ gbá ojúgun ara rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí lọ́mọ ọwọ́, ìsàlẹ̀ báyìí nilẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí a bá pa á ló ń ga sí i. Sọ fún un pé bó bá ń ka omi láti ilẹ̀, lọ́dọọdún ni omi á máa kéré lójú ẹ̀." Ó fi orí okùn náà kọ́ ìṣó kan lára igi àjà ìrókò tó gba òkè ògiri kọjá, ó jẹ́ kí okùn náà wọ́ wálẹ̀. "Òkè la ti ń kà á wá."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó Èkó wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo igi àjà. Ó ní kí n tún ibi tí ilẹ̀ ti ń ga sọ. Mo tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì bi í bóyá okùn náà ni ìyá rẹ̀ lò. Tányì ní rárá, ti ìyá òun ti gbó. Òun tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, òun ta kókó síbi tí ti àtijọ́ wà, obìnrin méjì sì jókòó tì òun títí òun fi parí. Ó tún kọ ìyẹn náà.

Tányì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà níbi tí kókó kọ̀ọ̀kan dé. Bó bá ti fa ọ̀kan, á sọ ọdún rẹ̀: ọdún tí agogo ìjọ bọ́ sómi níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọdún tí wọ́n bí bàbá mi, ọdún tí iná jó ìsàlẹ̀ abúlé. Èmi á fi ohun tí mo mọ̀ sọ ọ́ di ọdún onínọ́ńbà. Faransé ṣí ìwé rẹ̀ sórí itan, ó yí i kúrò lójú gbogbo wa, ó ń mi orí pé ó bá a mu. Nígbà tí a dé àárín àwọn ìlà náà, kò mi orí mọ́. Ó ní lọ́dún yẹn, omi ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ nínú ìwé òun, ṣùgbọ́n ti Tányì kéré sí i. Tányì wo kókó okùn rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó kọ tiyín ló ṣì í kọ." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ti Èkó pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Faransé gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi hàn wá. Ọwọ́ tó kọ̀wé yí padà níbẹ̀. Ó ní akọ̀wé tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti lọ, sójà kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ́dún yẹn, òun sì ti ń fura sí ojú ewé náà tipẹ́.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òyìnbó Èkó ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Tányì, ó ń bá a fa àwọn àmì, ó fa ẹja kan tó jọ bàtà. Tányì ní kó fi í bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń dùn lọ. Mo rò pé ohun tí sáyẹ́ǹsì jẹ́ gan-an ni mo rí yẹn, mo sì ṣì rò bẹ́ẹ̀ dòní.

Lẹ́tà dé kí oṣù tó yí po. Wọ́n ti sún èbúté. Àwọn òṣìṣẹ́ wá hú èèkàn, Tányì sì bá wọn jà díẹ̀ nítorí èyí tó fi ń so ewúrẹ́.

Lẹ́tà kejì dé lẹ́yìn oṣù méjì, ọkùnrin kan sì bá a dé pẹ̀lú àgádágodo. Ilé náà ti wà lábẹ́ òfin. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀ mọ́, wọn kò gbọdọ̀ fa ìlà kún un, wọn kò gbọdọ̀ dáná níbẹ̀, èèyàn kankan kò sì gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà bí wọ́n ṣe bá a. Mo kà á fún Tányì. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

"Ilé ta ni wọ́n ní kí n má gbé?"

"Ilé yín ni, Tányì."

"Àwọn tó jókòó sórí àpótí mi yẹn?"

Mo ní kì í ṣe àwọn, ọ́fíìsì mìíràn ni. Òótọ́ ni. Òyìnbó Èkó kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀ pé òun kò lọ́wọ́ sí i, pé bí òfin náà ṣe rí fún gbogbo ilé nìyẹn, pé ó dun òun. Tányì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan nílé aládùúgbò wa, fèrèsé yàrá náà kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n tì.

Mo mú kálàmù. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé rírẹ́ ló mú ògiri dúró. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìjọba méjèèjì ti jọ bẹ onímọ̀ kan láti orílẹ̀-èdè kẹta, pé òun ni yóò sọ oògùn tó yẹ ògiri amọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kó tó dé. Mo kọ òmíràn. Wọ́n dá mi lóhùn. Mo ní fáìlì fún gbogbo rẹ̀, mo to ó lọ́jọ́ lọ́jọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó, inú mi ṣì ń dùn díẹ̀ pé àwọn ìjọba ń dárúkọ mi nínú ìwé tí wọ́n ń kọ síra wọn. Omi ọdún yẹn wọ inú ilé, ó sì fà. Ẹsẹ̀ ògiri jẹ bí Tányì ti wí. Ó ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àgbádárìgì. Èmi àti ọkùnrin náà la jọ wà ní kíláàsì kan nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò Sítáńdáàdì Síìsì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló bá a wáṣẹ́ yẹn. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé ìwé. Bí mo bá ń kọjá, á pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Tíṣà!" Màá mi orí kí i, màá máa lọ. Mi ò bá a sọ ọ̀rọ̀ ilé náà rí. Èkó ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ bá òun sọ?

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn kọlu Tányì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo bá a tó jókòó, tó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí.

Ó ní, "Ìwọ lo mú wọn wá. Lọ bá mi ṣí i. Mo fẹ́ wọlé."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kò le, àgádágodo náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, àdá tí wọ́n fi ń la àgbọn á já a. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ dán an wò. Mo ní òfin ni, pé bí wọ́n bá já a, wọ́n lè yọ ilé náà kúrò nínú ààbò, kí wọ́n wá wó o. Mo ní màá kọ lẹ́tà. Tányì yíjú sí fèrèsé.

Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ṣàlàyé àìsàn rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó padà sí yàrá rẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un. Mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí yíǹkì tó kán sórí ti àkọ́kọ́. Mo gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. "Tíṣà!" Mo mi orí.

Ojoojúmọ́ ni Tányì ń béèrè bóyá lẹ́tà ti dé. Mo ń sọ pé kò ní pẹ́ mọ́. Ó wá dé ọjọ́ kan tí kò béèrè, mo sì ṣe òmùgọ̀ débi pé ara tù mí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kú, nínú yàrá aládùúgbò, lórí ẹní tí kì í ṣe tirẹ̀. A sin ín síbi tí ìjọba ní kí á máa sin òkú sí.

Òfin ní kí a fi tó ọ́fíìsì létí bí nǹkan bá ṣe ẹni tó ni ilé. Nítorí náà, mo lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wọlé lọ bá akọ̀wé náà. Ó dìde, ó bá mi kẹ́dùn, ó ní òun mọ ìyá náà, òun ti jẹ òróró rẹ̀ rí. Ó bi mí ibi tó kú sí. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Nílé aládùúgbò? Kí ló dé tí kò kú sílé ẹ̀?"

Mo ní ìjọba ti tì í pa.

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò tilẹ̀ tì í. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀ láàárín pẹ́ńsùlù àti píìnì. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi. "Ta ló ti Èkó wá wo ilé náà láti ọjọ́ yìí? Ká ní o sọ fún mi pé ara ẹ̀ ò yá, èmi fúnra mi ni ǹ bá bá a gbé ẹní wọlé."

Mo ní mo ti kọ lẹ́tà sí Èkó.

Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà sún mọ́ mi. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

"Tíṣà," ó ní, "èmi rèé ní Àgbádárìgì."